Ọ̀YÀ JÁKỌ́BÙ: Ẹ̀kọ́ fún àwọn ọmọ wa tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gba owó oṣù, àti fún àwa àgbà

Ibi kíkà: Gẹ́nẹ́sísì 29:13–30, 30:25–36, 31:1–16 àti 36–42.

Nígbà tí àwọn ọmọ wa bá ti parí ìdánwò ìwé mẹ́wàá, tí wọ́n sì ń dúró de àyè ní yunifásítì tàbí pólì, púpọ̀ nínú wọn kì í jókòó sílé lásán. Ọ̀kan ń bá wọn tajà ní ṣọ́ọ̀bù ní ọjà Sábọ̀n Gàrí níhìn-ín ní Kánò, èkejì ń kọ́ àwọn ọmọ kéékèèké ní A-B-D ní ilé-ìwé aládàáni, ẹ̀kẹta jókòó ti ẹ̀rọ POS lẹ́bàá títì láti òwúrọ̀ di alẹ́. Ọmọ ọdún 16 tàbí 17 ni wọ́n. Títí di àná ni wọ́n ń tọrọ owó bíró lọ́wọ́ bàbá wọn. Lónìí wọ́n gba owó tí ẹlòmíràn san fún wọn nítorí iṣẹ́ ọwọ́ wọn. A bá wọn yọ̀. Ṣùgbọ́n nínú ẹ̀kọ́ yìí a fẹ́ bi ara wa léèrè ohun tí owó náà ń kọ́ wọn, àti ohun tí àwa àgbà ń kọ́ wọn nípa ọ̀nà tí a ń gbà san án fún wọn, àti ọ̀nà tí a ń gbà gbà á lọ́wọ́ wọn.

A kò rí ìtàn kan nínú Bíbélì tí ó sún mọ́ tiwa tó ti Jákọ́bù ní ilé Lábánì. Jákọ́bù fi ilé bàbá rẹ̀ sílẹ̀, ó fi ọ̀pá kan ṣoṣo lọ́wọ́ kọjá Jọ́dánì, ó sì lọ wọ̀ sí ilé arákùnrin ìyá rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni àwọn bàbá wa ṣe gòkè Ọya. Nígbà tí ọkọ̀ ojú irin dé Kánò ní nǹkan bí ọdún 1912, àwọn ará Ògbómọ̀ṣọ́, àwọn ará Ọ̀ffà, àwọn Ìjẹ̀bú àti àwọn mìíràn bá a wá, ó sì ṣọ̀wọ́n kí a rí ẹni tí kò ní ìbátan kan tí yóò wọ̀ sí lọ́dọ̀. Ìbátan náà ni ó máa ń di ọ̀gá rẹ̀ àkọ́kọ́. Òtítọ́ ni pé Jákọ́bù kì í ṣe ọmọdé nígbà náà. Ṣùgbọ́n kò sí ibi tí a ti kà pé ó gba ọ̀yà rí; nínú ìkòkò bàbá àti ìyá rẹ̀ ni ó ti ń jẹun. Nípa bẹ́ẹ̀, ẹgbẹ́ àwọn ọmọ wa ni.

Ó ti ṣe iṣẹ́ oṣù kan kí Lábánì tó pè é. Lábánì bi í pé, nítorí pé ìbátan ni wọ́n, ó ha yẹ kí ó máa sin òun lásán? Ó ní kí Jákọ́bù fúnra rẹ̀ sọ iye tí òun yóò gbà. Ẹ jẹ́ kí a dúró díẹ̀ níbi ọ̀rọ̀ yìí, nítorí pé ọ̀pọ̀ ènìyàn a máa fi Lábánì ṣe ẹni ìkà, wọn a sì gbàgbé pé ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tí ó sọ nípa owó dára púpọ̀. Ọkùnrin alárékérekè yìí pàápàá mọ̀ pé ìbátan kò gbọdọ̀ jẹ òógùn ìbátan. Àwa ńkọ́? Láàárín wa, bí arákùnrin kan nínú ìjọ bá gba ọmọ arábìnrin kan sí ṣọ́ọ̀bù, a kì í dá iye kan. A ó ní, “Ọmọ wa náà ni, a ó mọ ohun tí a ó ṣe fún un.” Bí oṣù bá parí, a fún un ní ẹgbẹ̀rún márùn-ún náírà, ìrẹsì díẹ̀ nínú ọ̀rá, àti àdúrà. Ìyá ọmọ náà kò lè sọ̀rọ̀, nítorí pé ẹgbẹ́ kan náà ni òun àti ìyàwó ọ̀gá wà. A ò sọ pé ìkà ni arákùnrin náà. Ṣùgbọ́n ọmọ náà ti kọ́ ẹ̀kọ́ kan lọ́wọ́ rẹ̀: pé bí ó bá fẹ́ gba owó rẹ̀ pé, kí ó lọ bá ẹni tí kò mọ Bàbá àti Ìyá rẹ̀ ṣiṣẹ́. Òfin Mósè tí ó dé lẹ́yìn Jákọ́bù kò jẹ́ kí owó alágbàṣe sùn mọ́ ọ̀gá lọ́wọ́ di òwúrọ̀ (Léfítíkù 19:13), kò sì yọ ìbátan sílẹ̀.

Bí a bá ti dá iye, tí a sì san án, nígbà náà ni owó tó lè ṣe olùkọ́. Kí a sọ pé wọ́n ń san ₦30,000 fún ọmọ kan lóṣù, ó sì ń lọ ibi iṣẹ́ ní ọjọ́ 26. Ó ń wọ kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta, Adaidaita Sahu, ₦200 ní àlọ, ₦200 ní àbọ̀. Owó ọkọ̀ nìkan, ₦10,400. Ó ń jẹ oúnjẹ ọ̀sán ₦500: ₦13,000. Ó ku ₦6,600. Bí ó bá san ìdámẹ́wàá gẹ́gẹ́ bí a ti kọ́ ọ, ó ku ₦3,600. Bí ó bá dá àjọ ₦2,000, ó ku ₦1,600, kò sì tí ì ra dátà. Ọmọ tí ó bá fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ ìṣírò yìí sílẹ̀, tí ó sì rí i pé ẹ̀kọ tàbí ẹ̀wà tí òun ń gbé láti ilé lè fi ₦13,000 náà pamọ́ fún òun, kò tún sí ìwàásù tí a ó ṣe fún un lórí ọ̀rọ̀ ìnáwó. Bàtà tí ó ń sunkún fún ní Kérésìmesì tó kọjá, tí iye rẹ̀ jẹ́ ₦15,000, yóò rí i pé iṣẹ́ ọjọ́ 13 ni. Yóò wo bàbá rẹ̀ pẹ̀lú ojú mìíràn. Púpọ̀ nínú àwọn òbí ti sọ fún wa pé láàárín oṣù méjì tí ọmọ wọn bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ni ó bẹ̀rẹ̀ sí pa iná tí kò sí ẹni tí ó ń lò ó.

Àwọn ọmọ kan á bi wá pé, ṣé ₦70,000 kọ́ ni òfin wí? Ní ọdún 2024 ni ìjọba àpapọ̀ gbé owó oṣù tí ó kéré jù lọ kúrò ní ₦30,000 sí ₦70,000. Ṣùgbọ́n òfin náà kò de ọ̀gá tí àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ kò tó 25, irú àwọn bẹ́ẹ̀ sì ni púpọ̀ jù nínú àwọn tí ń gba àwọn ọmọ wa síṣẹ́. Nítorí náà, àdéhùn ni ààbò ọmọ.

Nísinsìnyí, ẹ ṣí orí 31, ẹsẹ 38 sí 40. Jákọ́bù ń ro ẹjọ́ 20 ọdún: 14 nítorí àwọn ọmọbìnrin méjèèjì, 6 nítorí agbo ẹran. Oòrùn pa á lọ́sàn-án, òtútù pa á lóru. Ẹran tí ẹranko búburú fà ya, kò gbé e tọ Lábánì wá. Òun ni ó san án. Èyí tí olè jí, lọ́sàn-án tàbí lóru, ọwọ́ rẹ̀ náà ni Lábánì ti béèrè rẹ̀. Ẹ̀yin ọmọ tí ń ṣiṣẹ́ POS, ẹ mọ ọ̀rọ̀ yìí dáadáa. Bí oníbàárà bá fi álẹ́ẹ̀tì èké han ọ, tí o sì ka owó fún un, tàbí bí nẹ́tíwọọ̀kì bá dáwọ́ dúró láàárín, tí owó dín ní ìrọ̀lẹ́, láti inú owó oṣù rẹ ni ọ̀gá yóò ti yọ ọ́. A ti rí ọmọ tí owó oṣù rẹ̀ tán pátápátá kí oṣù tó parí, tí gbèsè sì tún wà lọ́rùn rẹ̀.

Kí ni ó tọ́? Ẹ́kísódù 22 dáhùn. Bí olè bá jí ẹran lọ́wọ́ ẹni tí ń ṣọ́ ọ, yóò san án; ṣùgbọ́n bí ẹranko búburú bá fà á ya, tí ó sì mú ẹ̀rí rẹ̀ wá, kì yóò san nǹkan kan. Òfin Hammurabi, ọba Bábílónì, tí àwọn kèfèrí fi ń ṣe ìdájọ́ ní ìlú kan náà tí Yúfírétì ń ṣàn gbà, sọ ohun tí ó jọ ọ́: bí kìnnìún bá pa ẹran nínú agbo, olówó ẹran ni ó ru àdánù náà, bí ó bá jẹ́ pé àìbìkítà darandaran ni, darandaran yóò san án. Nítorí náà kì í ṣe gbogbo owó tí ó dín ni ọmọ yóò san, kì í sì í ṣe gbogbo rẹ̀ ni ọ̀gá yóò gbé mì. Èyí tí ọmọ fi fóònù ṣeré títí tí kò fi wo álẹ́ẹ̀tì dáadáa, kí ó san án. Ẹ̀kọ́ owó ni, ó sì tọ́. Èyí tí nẹ́tíwọọ̀kì ṣe, ẹranko búburú ni.

Jákọ́bù gbọ́n nígbà kejì. Nígbà tí Lábánì tún ní kí ó dá iye ọ̀yà rẹ̀, ó béèrè fún àwọn ẹran abilà àti alámì tótòtó. Kí ló dé tí ó fi yan èyí? Àwọn kan ń rò pé ó fẹ́ràn àwọ̀ wọn ni! Rárá o. Ó yan ọ̀yà tí ojú lè rí, tí ẹnikẹ́ni lè kà láìjà: èyí tí ó ní àmì, ti Jákọ́bù, èyí tí kò ní, ti Lábánì. Ìwé kékeré kan ń ṣe irú iṣẹ́ yìí. Kí ọmọ kọ iye tí ó bá nínú ẹ̀rọ àti nínú dúrọ́ọ̀ ní òwúrọ̀, kí ó kọ iye tí ó kù ní alẹ́, kí òun àti ọ̀gá jọ fọwọ́ sí i. Àtẹ́lẹwọ́ ẹni kì í tan ni jẹ. Lóòótọ́, ní ọjọ́ náà gan-an ni Lábánì kó àwọn alámì kúrò nínú agbo, ó sì kó wọn fún àwọn ọmọ rẹ̀. Àdéhùn kì í sọ oníwàkiwà di ènìyàn rere. Ṣùgbọ́n ó jẹ́ kí a mọ ẹni tí ó bà á jẹ́.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ kíyèsí i pẹ̀lú pé nígbà mẹ́wàá tí Lábánì pa ọ̀yà rẹ̀ dà, Jákọ́bù kò fi ìbínú pa àgbò rẹ̀ jẹ. Gbogbo agbára rẹ̀ ni ó fi sìn ín. Rákẹ́lì ni ó jí ère ilé, kò sì sí ọgbọ́n tí a lè fi gbè é lẹ́sẹ̀. Ọmọ tí ọ̀gá jẹ lówó, tí ó wá ń “san fún ara rẹ̀” láti inú dúrọ́ọ̀, ó ti ba ẹjọ́ ara rẹ̀ jẹ́, bí owó náà tilẹ̀ jẹ́ tirẹ̀.

Ó ku ọ̀rọ̀ àwa òbí, òun ni ó sì nira jù. Nígbà tí Jákọ́bù fẹ́ lọ, ó bi Rákẹ́lì àti Léà léèrè. Ìdáhùn wọn mú ni: wọ́n ní bàbá àwọn ti ta àwọn, ó sì ti jẹ owó àwọn tán. Àwọn ọmọ tí a bí nínú ilé ni ó ń sọ èyí nípa bàbá wọn.

Àṣà wa ni pé kí ọmọ gbé owó oṣù àkọ́kọ́ wá fún bàbá àti ìyá. Àṣà rere ni. Ìyá á gbà á, á fi ṣe àdúrà, á mú díẹ̀ nínú rẹ̀, á sì dá ìyókù padà. A kò fẹ́ kí ó parẹ́. Ohun tí a ń rí báyìí yàtọ̀. Àwọn òbí kan ń lọ bá ọ̀gá ní ẹ̀yìn ọmọ, wọ́n ń gba owó oṣù rẹ̀ sílẹ̀, oṣù méjì, oṣù mẹ́ta, láti fi san owó ilé tàbí láti fi ra aṣọ ẹbí. Ọmọ á ṣiṣẹ́ títí, ní ọjọ́ owó wọn á sọ fún un pé ìyá rẹ̀ ti gbà á. Àwọn àgbà mọ orúkọ tí àwọn bàbá wa ń pe èyí. Ìwọ̀fà ni. Samuel Johnson ṣàlàyé rẹ̀ nínú ìwé ìtàn Yorùbá rẹ̀ tí a tẹ̀ ní ọdún 1921: iṣẹ́ ìwọ̀fà ni èlé owó, kò sì dín ojú owó kù. Àwọn òbí a máa fi ọmọ ṣe ìwọ̀fà nítorí gbèsè tí kì í ṣe ti ọmọ. A mọ̀ pé ilé le, a mọ̀ pé oúnjẹ gbówó lórí. Bí ilé bá nílò ìrànlọ́wọ́ ọmọ, kí a pè é jókòó, kí a sọ iye tí ó kù fún un, kí òun náà fi ọwọ́ ara rẹ̀ mú un jáde. Ọmọ tí ó fi ₦5,000 kún owó ilé pẹ̀lú ìmọ̀ ti di ọmọkùnrin tàbí ọmọbìnrin ilé náà ní tòótọ́. Èyí tí a gba ₦5,000 tirẹ̀ ní ẹ̀yìn rẹ̀ yóò kọ́ láti fi iye owó oṣù rẹ̀ pamọ́ fún wa.

Bákan náà ni ti àwọn tí ń sọ fún ọmọ pé gbogbo owó oṣù àkọ́kọ́ jẹ́ ti pẹpẹ. Ẹni tí ọkàn rẹ̀ bá sún sí i, kí ó ṣe é. Ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má ṣe fi ègún dẹ́rù bà wọ́n. Nínú Deutarónómì 26, ẹni tí ó gbé apẹ̀rẹ̀ àkọ́so wá, òun fúnra rẹ̀ ni a ní kí ó yọ̀, pẹ̀lú ará ilé rẹ̀, ọmọ Léfì àti àlejò.

Òfin Iṣẹ́ ilẹ̀ wa kò fi àyè gba kí ọmọ tí kò tí ì pé ọdún 16 ṣiṣẹ́ ju wákàtí mẹ́jọ lọ lóòjọ́. Kí àwọn tí ọmọ wọn ń wọlé ní agogo mẹ́sàn-án alẹ́ ka èyí lẹ́ẹ̀kejì.

Ní ọjọ́ Ìsinmi tí ń bọ̀, lẹ́yìn ìsìn, kí gbogbo ọmọ tí ń ṣiṣẹ́ ọ̀yà dúró ní kíláàsì àwọn ọ̀dọ́ pẹ̀lú ìwé àti bíró. A ó jọ ṣe ìṣírò oṣù kan, olúkúlùkù pẹ̀lú iye tirẹ̀. Kí àwọn ará ìjọ tí ọmọ ẹlòmíràn wà ní ṣọ́ọ̀bù wọn wá pẹ̀lú. Akọ̀wé ti tẹ ìwé àdéhùn olójú kan: iye owó, ọjọ́ tí a ó san án, àkókò iṣẹ́, àti ẹni tí yóò ru owó tí ó bá dín. Ẹ̀dà méjì ni a ó kọ, ọ̀kan fún ọ̀gá, ọ̀kan fún ọmọ. Ẹni tí ó bá jẹ ọmọ kankan lówó láti oṣù tó kọjá, kí ó jọ̀wọ́ san án kí ọjọ́ náà tó pé, kí a má baà jọ wo ojú ara wa nínú kíláàsì.