Ta Ni Kí A Gbà Là? Ẹ̀kọ́ Lórí Ìwúlò Filọ́sọ́fì

Ọ̀pọ̀lọpọ̀ ènìyàn ni ó rò pé filọ́sọ́fì jẹ́ iṣẹ́ àwọn tí kò ní iṣẹ́, àwọn tí ó jókòó sínú yàrá ìwé, tí wọ́n ń jiyàn bóyá tábìlì tí ó wà níwájú wọn wà ní tòótọ́ tàbí kò sí. A kò lè sọ pé ẹ̀sùn náà kò nídìí rárá, nítorí àwọn kan nínú wọn a máa ṣe bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ìtumọ̀ orúkọ náà ní èdè Gíríìkì ni ìfẹ́ ọgbọ́n. Ọgbọ́n tí kò bá sì wúlò ní ọjọ́ ìpọ́njú, ta ni yóò wá a kiri? Nínú ẹ̀kọ́ ti oṣù yìí, a fẹ́ mú ọ̀ràn kan tí ó ṣẹlẹ̀ ní ìlú Seattle, ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, wá síwájú yín, ẹ̀yin òǹkàwé wa, pàápàá ẹ̀yin olùkọ́, kí ẹ lè rí ibi tí irú ìrònú bẹ́ẹ̀ gbé di ọ̀ràn ikú àti ìyè.

Kíndìnrín, èyí tí Bíbélì Yorùbá pè ní iwe, ni ó ń sẹ́ ẹ̀jẹ̀ ara wa bí obìnrin ti í sẹ́ ògì, kí ìdọ̀tí inú rẹ̀ lè bá ìtọ̀ jáde. Bí méjèèjì bá bàjẹ́, ọjọ́ ènìyàn kò pọ̀ mọ́. Ní àkókò ogun àgbáyé kejì, dókítà ará Holland kan, Willem Kolff, ṣe ẹ̀rọ tí ó lè ṣe iṣẹ́ náà ní òde ara. Ṣùgbọ́n a kò lè fi ẹ̀rọ náà tọ́jú aláìsàn títí, nítorí nígbàkúùgbà tí a bá fẹ́ lò ó, a ní láti la iṣan ẹ̀jẹ̀ mìíràn, kò sì ní í pẹ́ tí kò fi ní í sí iṣan tí ó kù. Ní oṣù March 1960, Dókítà Belding Scribner ti Seattle rí ọ̀nà: ó fi ọ̀pá tín-ín-rín tí a fi Teflon ṣe sí apá aláìsàn, ó sì fi í sílẹ̀ níbẹ̀, kí a lè máa so ó mọ́ ẹ̀rọ nígbàkúùgbà. Clyde Shields, ẹni tí a kọ́kọ́ ṣe é fún, ti wà ní bèbè ikú. Ó gbé láyé títí di ọdún 1971.

Nígbà tí ó di oṣù January 1962, a ṣí ilé ìtọ́jú kan ní Seattle fún iṣẹ́ yìí nìkan. Ibùsùn ibẹ̀ kò tó nǹkan, owó ìtọ́jú pọ̀ jọjọ, àwọn tí ó nílò rẹ̀ sì pọ̀. Ẹni tí a bá gbà yóò yè. Ẹni tí a kò bá gbà yóò kú. Àwọn dókítà kọ́kọ́ yọ àwọn tí ìtọ́jú náà kò lè ràn lọ́wọ́ kúrò. Wọ́n yọ àwọn ọmọdé àti àwọn tí ó ti lé ní ọdún 45 pẹ̀lú. Síbẹ̀ àwọn tí ó kù ju ibùsùn lọ. Nígbà náà ni a gbé ọ̀ràn wọn fún ìgbìmọ̀ ènìyàn 7 tí a kò dárúkọ wọn fún ará ìlú: agbẹjọ́rò kan, àlùfáà ìjọ kan, ọ̀gá báǹkì kan, ìyàwó ilé kan, òṣìṣẹ́ ìjọba kan, olórí ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ kan, àti dókítà oníṣẹ́-abẹ kan. Wọn kì í gba owó, wọn kì í sì í rí ojú àwọn tí wọ́n ń dá lẹ́jọ́. Ìwé ìròyìn Life ni ó sọ ọ̀rọ̀ wọn di mímọ̀ fún gbogbo ènìyàn ní oṣù November ọdún náà.

Kí ni wọ́n fi ń yàn? Ẹ jẹ́ kí a dúró níhìn-ín díẹ̀. Wọ́n wo ọjọ́ orí. Wọ́n wò bóyá ènìyàn ti gbéyàwó tàbí lọ́kọ, àti iye àwọn tí ó ń bọ́. Wọ́n wo iṣẹ́ rẹ̀, owó tí ń wọlé fún un, ìwé tí ó kà, àti ìwúlò tí wọ́n rò pé yóò jẹ́ fún ìlú lẹ́yìn ọ̀la. Wọ́n tilẹ̀ wo bí ó ti ń ṣe sí nínú ìjọ. Ẹ má ṣe rò pé ènìyàn búburú ni wọ́n. Ẹni tí kò tí ì jókòó sórí irú àga bẹ́ẹ̀ kò gbọdọ̀ yára láti bú wọn. Ṣùgbọ́n ní 1968, olùkọ́ òfin kan àti dókítà àrùn ọpọlọ kan kọ̀wé láti bá ọ̀nà náà wí. Wọ́n ní àwọn tí ó rọ̀ṣọ̀mù díẹ̀ láwùjọ ń gba irú ara wọn là ni. Ẹni tí ìwà rẹ̀ kò bá bá ti àwọn aládùúgbò rẹ̀ mu, bí ó tilẹ̀ jẹ́ ọlọ́gbọ́n, ewu ni ó wà.

Ibí yìí ni filọ́sọ́fì ti wọlé. Ó bi wá pé: kí ni ẹ ń wọ̀n, òṣùwọ̀n wo ni ó sì wà lọ́wọ́ yín? Bí ẹnìkan bá ní kí a gba ẹni tí yóò wúlò jù là, ọ̀nà Jeremy Bentham, ọlọ́gbọ́n ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì (1748–1832), ni ó ń tọ̀, bí kò tilẹ̀ gbọ́ orúkọ rẹ̀ rí: ohun tí ó bá mú ire tí ó pọ̀ jù wá fún àwọn ènìyàn ni ó tọ́ ní ṣíṣe. Ìrònú yìí kì í ṣe ti òmùgọ̀. Olùkọ́ tí ó bá ń pín ìwé díẹ̀ láàárín ọmọ púpọ̀ a máa lò ó lójoojúmọ́. Ṣùgbọ́n Immanuel Kant, ará Jámánì (1724–1804), kọ́ni ní 1785 pé ohun tí ó ní iye owó ni a lè fi òmíràn dípò. Ènìyàn kò ní iye owó, iyì ni ó ní, kò sì sí ohun tí a lè fi dípò rẹ̀. Àwọn kan yóò dáhùn pé ọmọ ìka kò dọ́gba. Òtítọ́ ni, ṣùgbọ́n ẹnìkan kì í torí pé ọ̀kan kúrú kí ó gé e sọnù. Lẹ́yìn èyí, ta ni ó sọ fún ìgbìmọ̀ náà ohun tí ẹnìkan yóò dà ní ogún ọdún sí i?

Irú ọ̀ràn yìí ti dé ilé ẹjọ́ rí. Ní oṣù April 1841, ọkọ̀ òkun William Brown, tí ó ń ti Liverpool lọ sí Philadelphia, kọlu òkè yìnyín, ó sì rì. Ọkọ̀ kékeré tí àwọn kan sá sí kún jù, àwọn atukọ̀ sì gbé díẹ̀ nínú àwọn èrò jù sínú omi. A bá ọ̀kan nínú àwọn atukọ̀ náà, Holmes, ṣẹjọ́ ní 1842. Adájọ́ ní bí ó bá di dandan kí àwọn kan kú, kèké ni ó yẹ kí wọ́n ṣẹ́. A sì rán Holmes lọ sí ẹ̀wọ̀n oṣù 6. Kèké yìí ni àwọn baba wa ń pè ní ìbò, kí àwọn òṣèlú tó gba ọ̀rọ̀ náà lọ́wọ́ wa. Òun náà ni àwọn àpósítélì fi yan Mattia.

Ní 1970, James Childress ti Amẹ́ríkà mú kèké wá sí ọ̀ràn ẹ̀rọ kíndìnrín. Ó ní kí dókítà kọ́kọ́ sọ ẹni tí ìtọ́jú lè ràn lọ́wọ́. Lẹ́yìn èyí, kí a má ṣe dá ẹnikẹ́ni lẹ́jọ́ mọ́, kí a ṣẹ́ kèké, tàbí kí a gba ẹni tí ó bá kọ́kọ́ dé. Nípa bẹ́ẹ̀, ẹni tí kò rí ibùsùn kò ní í lọ sílé pẹ̀lú ìròyìn pé a ti wọ̀n ọ́n, tí òun kò sì tó. Nicholas Rescher kò gbà bẹ́ẹ̀ ní tirẹ̀. Nínú ohun tí ó kọ ní 1969, ó ní ìwúlò ènìyàn yẹ kí ó ní ipa, kí kèké wá parí iṣẹ́ níkẹyìn. Ní ti ẹni tí ó kọ́kọ́ dé, ìfura wa ni pé ẹni tí ó ní ọkọ̀ àti ojúlùmọ̀ ni yóò máa kọ́kọ́ dé.

Bí ìyá ọmọ 6 àti àpọ́n kan bá wá dúró de ibùsùn kan ṣoṣo ńkọ́? A gbà pé èyí le. John Rawls, nínú ìwé rẹ̀ ti 1971, ní kí a ṣe ìlànà bí ẹni tí kò mọ ipò tí òun fúnra rẹ̀ yóò bá ara rẹ̀. Ó sún mọ́ ohun tí àwọn àgbà wa sọ, pé bí a bá gé igi nígbó, kí á fi ọ̀ràn ro ara ẹni wò. Bí a bá rò ó bẹ́ẹ̀, a kò rò pé ẹnikẹ́ni yóò fẹ́ ìlànà tí ń béèrè owó oṣù tàbí ìwé ẹ̀rí. Ní ti àwọn ọmọ 6 yẹn, èrò tiwa ni pé a lè kà wọ́n sí, nítorí ìyà tiwọn ni a ń wò, a kò fi wọ́n díye lé ìyá wọn. Ṣùgbọ́n àwọn tí ó mọ̀wé jù wá lọ kọ èyí pàápàá.

Ìbéèrè kan wà tí ìgbìmọ̀ náà kò ní àṣẹ láti yanjú: èéṣe tí ẹ̀rọ fi kéré? Owó ni. Ní 30 October 1972, Ààrẹ Nixon fọwọ́ sí òfin pé kí ìjọba gba ìnáwó ìtọ́jú náà fún ọ̀pọ̀ jùlọ nínú àwọn aláìsàn kíndìnrín, ó sì bẹ̀rẹ̀ ní July 1973. Kò sí ìdí fún irú ìgbìmọ̀ bẹ́ẹ̀ mọ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí àrùn Kòrónà dé ní 2020, tí ẹ̀rọ ìmí kò tó ní àwọn ilé ìwòsàn kan, àwọn dókítà tún bá ara wọn ní ibi tí àwọn 7 nì ti jókòó. Ní ilẹ̀ wa Nàìjíríà, púpọ̀ nínú àwọn tí ń lo ẹ̀rọ kíndìnrín ni ó ń san owó rẹ̀ láti inú àpò ara wọn, àwọn kan a sì dá a dúró nígbà tí owó bá tán. A kò pe ìgbìmọ̀ kankan jọ. Síbẹ̀ a ti yàn.

Kí ẹ̀yin olùkọ́ tí ó ní kíláàsì àgbà dán èyí wò. Ẹ sọ fún àwọn ọmọ pé ibùsùn 1 ni ó wà, aláìsàn 4 sì ń dúró. Kí olúkúlùkù kọ ìbéèrè 5 tí òun yóò bi àwọn aláìsàn náà sílẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ ní kí wọ́n fi ìlà pa gbogbo ìbéèrè tí wọn kò ní fẹ́ kí a bi ìyá tiwọn, kí wọ́n sì ka èyí tí ó kù sókè.