Kíka Rosewater Papọ̀ ní Ìbà

Ká ní ẹ̀yin mélòó kan ní Ìbà Housing Estate fẹ́ dá ẹgbẹ́ òǹkàwé sílẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ LASU kan wà nínú yín, olùkọ́ kan tó ti fẹ̀yìn tì, nọ́ọ̀sì kan tó máa ń ṣiṣẹ́ alẹ́, àti ọkùnrin kan tó ń ta inverter ní ọjà Alábà. Ẹnìkan ní kí ẹ fi Rosewater, ìwé ìtàn àròsọ sáyẹ́ǹsì kan, bẹ̀rẹ̀. Ẹlòmíràn ń mi orí, ó ní òun ti gbìyànjú rẹ̀ rí, orí kejì ni òun ti pa á dé. Òótọ́ ni, ìwé náà le. Síbẹ̀ òun gan-an ni èmi náà ì bá mú fún yín, torí pé ńṣe ni ẹni tó kọ ọ́ mọ̀ọ́mọ̀ fi líle yẹn síbẹ̀, ọ̀pọ̀ ojú sì máa ń tètè rí ohun tí òǹkọ̀wé fi pamọ́ ju ojú ẹnìkan lọ. Ẹ jẹ́ ká rọra rìn ín.

Tade Thompson ló kọ ọ́, ọmọ Yorùbá tí wọ́n bí ní London tó sì dàgbà ní Nàìjíríà. Dókítà ni, ìtọ́jú àrùn ọpọlọ ló yàn láàyò, ẹ ó sì rí i nínú ìwé náà pé ẹni tó kọ ọ́ mọ bí ọkàn ènìyàn ṣe ń tan olúwa rẹ̀ jẹ. Ọdún 2016 ni ìwé náà kọ́kọ́ jáde. Ní 2017 ó gba ẹ̀bùn Nommo, tí ẹgbẹ́ àwọn òǹkọ̀wé irú ìtàn yìí ní Áfíríkà ń fúnni. Ní 2019 ó gba Arthur C. Clarke Award ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì.

Ọdún 2066 ni ìtàn náà bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀dá kan láti ojú ọ̀run ti wá fìdí kalẹ̀ sí Nàìjíríà, ó fi òrùlé ribiti kan bo ara rẹ̀, àwọn ènìyàn sì kọ́lé yí òrùlé náà ká títí ibẹ̀ fi di ìlú. Nígbà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ tẹ̀dó, kò sí ilé ìgbọ̀nsẹ̀, kò sí gọ́tà, òórùn ibẹ̀ kò ṣeé fara dà. Ẹ̀fẹ̀ ni wọ́n fi sọ ọ́ ní Rosewater. Ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún ni òrùlé náà máa ń ṣí, aláìsàn tó bá wà nítòsí á sì rí ìwòsàn. Ẹ̀dá yìí náà ló ń fún ìlú ní iná mànàmáná. Mo mọ̀ pé ará Ìbà tó ń ra epo sí jẹnẹrétọ̀ á dúró díẹ̀ níbẹ̀ yẹn, kí ó sì dúró lóòótọ́, nítorí ìbéèrè tó wà nísàlẹ̀ ìwé náà ni pé: bí ẹnìkan bá ń fún ọ ní iná àti ìlera lọ́fẹ̀ẹ́, kí ló ń gbà lọ́wọ́ rẹ?

Kaaro ló ń sọ ìtàn náà. Ó wà lára àwọn tó lè gbọ́ èrò inú ẹlòmíràn. Sensitive ni ìwé náà pè wọ́n. Ó ń ṣiṣẹ́ ní báǹkì, níbi tó ti ń dènà àwọn sensitive mìíràn tó fẹ́ jí àṣírí àwọn oníbàárà. Ó tún ń ṣiṣẹ́ fún ẹ̀ka ìjọba kan tó ń jẹ́ S45. Gbogbo èyí á ya lù yín nígbà tí ẹ kò tíì ka ibi tó jìnnà, Thompson kò sì ní dúró ṣàlàyé. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ti ń pa ìwé dé.

Ẹ mú ọ̀rọ̀ kan wò: xenosphere. Nígbà àkọ́kọ́ tí ẹ bá rí i, ẹ má wulẹ̀ wá a nínú ìwé atúmọ̀ èdè. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, kí ẹ sì kọ ohun tí ẹ rò pé ó jẹ́ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, bóyá "ibi kan tí Kaaro ń wọ̀ nínú orí rẹ̀". Ẹ máa kà lọ. Láìpẹ́ ẹ ó rí i pé Kaaro máa ń fi ìpara clotrimazole pa ara nígbà tí kò bá fẹ́ gbọ́ nǹkan kan. Ibí ni nọ́ọ̀sì yín á ti dá sí ọ̀rọ̀: ṣebí ìpara tí a fi ń wo làpálàpá nìyẹn? Òun ni. Kí ló wá dé tí oògùn làpálàpá fi lè dí etí ọkàn ènìyàn? Ẹ má dáhùn kíákíá. Ẹ jẹ́ kí ó yí káàkiri láàárín yín, ẹnìkan á bá yín dé ibẹ̀: ohun tó so ọkàn wọn pọ̀ ní láti jẹ́ nǹkan ẹlẹ́mìí tó lẹ̀ mọ́ awọ ara, tó fara jọ ohun tó ń fa làpálàpá àti ohun tó ń mú kí búrẹ́dì bu. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni. Nígbà tó bá yá, Thompson á sọ ọ́ fúnra rẹ̀: nǹkan tíntìntín láti ara ẹ̀dá àjèjì náà ti kún inú afẹ́fẹ́, wọ́n so mọ́ iṣan ìmọ̀lára nínú awọ ènìyàn, wọ́n sì ń gbé èrò kiri. Ṣùgbọ́n ẹ ti já a kí ó tó sọ ọ́. Adùn irú ìwé yìí wà níbẹ̀. Ẹni tó bá sáré lọ wá àlàyé lórí íntánẹ́ẹ̀tì ti ba adùn náà jẹ́ fún ara rẹ̀, tó bá sì wá sọ ọ́ ní ìpàdé, ó ti bà á jẹ́ fún gbogbo yín. Ẹ fi òfin dè é.

Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ sílẹ̀ ní Ìyànà-Ìbà fún ìgbà àkọ́kọ́ kò mọ gbogbo orúkọ tí àwọn kọ̀ǹdọ́kítọ̀ ń pè. Ó dúró, ó ń wò, ó ń gbọ́ orúkọ kan náà léraléra, ó ń wo irú ọkọ̀ tí àwọn ènìyàn ń wọ̀, títí ọ̀nà fi yé e. Irú sùúrù bẹ́ẹ̀ ni ìbẹ̀rẹ̀ Rosewater ń béèrè. Kò sì jẹ́ àjèjì sí wa. Nígbà tí D. O. Fágúnwà gbé Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmalẹ̀ jáde ní 1938, kò kó àlàyé jọ sí ẹnu ọ̀nà igbó náà. Àkàrà-oògùn wọlé, àwa náà tẹ̀lé e, ohun tó bá pàdé ni àwa náà pàdé. Ẹni tó bá ka ìyẹn nílé ìwé ti mọ púpọ̀ nínú ohun tí a nílò níbí.

Ohun tí kò sí lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ wa ni ọ̀rọ̀ ọdún. Orí kọ̀ọ̀kan nínú Rosewater ní ibi àti ọdún tó ti ṣẹlẹ̀ lókè rẹ̀, ó sì ti mọ́ wa lára láti máa fo irú nǹkan bẹ́ẹ̀. Ẹ má fò ó. Orí kan á wà ní 2066, èyí tó tẹ̀lé e á padà sí 2055, nígbà mìíràn ìtàn á tún padà sẹ́yìn ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ ra páálí fífẹ̀ kan, kí ẹ fa ìlà gbọọrọ sí i, kí ẹ to ọdún lé e lórí. Ẹ fi 2012 bẹ̀rẹ̀, ọdún tí ẹ̀dá náà kọ́kọ́ já lulẹ̀ ní London. Bí ẹ bá ti parí orí kan, kí akẹ́kọ̀ọ́ yín kọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sábẹ́ ọdún tirẹ̀.

Lẹ́yìn bí ìpàdé mẹ́ta, ẹ tún wo páálí náà. Ní 2055 ìjọba ń lo Kaaro láti wá obìnrin kan tí wọ́n ń pè ní Bicycle Girl. Ní 2066 ó ṣì ń sin ìjọba kan náà, inú rẹ̀ kò sì dùn sí i. Ọdún mọ́kànlá ló wà láàárín, kí ló ṣẹlẹ̀? Kí ló dé tí ọkùnrin tó ń wọ inú ọkàn gbogbo ènìyàn kò fẹ́ tètè sọ ohun tó wà nínú tirẹ̀? Èrò tèmi ni pé ńṣe ni ó ń sá fún un, àti pé bí ìtàn náà ṣe ń fo síwá sẹ́yìn jẹ́ ọ̀nà tó gbà ń sá. Ẹnìkan nínú yín lè ní irọ́ ni, pé òǹkọ̀wé kàn fẹ́ ká máa hára gàgà ni. Ẹ jà á. Orí méjì tàbí mẹ́ta fún ìpàdé kan ti tó, kí àyè lè wà fún irú ìjà bẹ́ẹ̀.

Ẹ pín iṣẹ́ yòókù náà. Kí ọ̀gá tó wá láti Alábà máa ṣọ́ gbogbo ohun tó jẹ mọ́ iná àti ẹ̀rọ, pàápàá ẹ̀rọ ìdánimọ̀ tí wọ́n fi sínú ara àwọn ènìyàn nínú ìwé náà: ta ló ń fi í ṣọ́ ta? Kí ẹlòmíràn máa kọ orúkọ, nítorí wọ́n pọ̀.

Ìbéèrè tí ẹ ó fi bẹ̀rẹ̀ ìpàdé kò gbọdọ̀ jẹ́ "ṣé o gbádùn rẹ̀?" Ìdáhùn rẹ̀ kì í ju bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́ lọ. Ẹ béèrè pé, "Ojú ìwé wo lo ti sọnù?" Kí olúkúlùkù ṣí ibẹ̀, kí ó kà á sókè ní Gẹ̀ẹ́sì bó ṣe wà, kí ẹ wá fi Yorùbá tú u palẹ̀. Ẹ ó rí i pé ibi kan náà ni ẹni mẹ́ta ti sọnù, ìtìjú á sì kúrò lójú wọn.

Ibi tó ṣòro jù fún ẹgbẹ́ tiwa ni kí ọmọdé sọ pé ohun tí àgbà rí kọ́ ni òun rí. Kaaro fúnra rẹ̀ á dá irú àríyànjiyàn bẹ́ẹ̀ sílẹ̀. Olè ni nígbà èwe rẹ̀. Ó ń lo ẹ̀bùn rẹ̀ láti mọ ibi tí àwọn ènìyàn ń tọ́jú nǹkan sí. Olùkọ́ wa lè ní ìyà tó tọ́ sí i ni gbogbo ohun tó padà jẹ ẹ́. Akẹ́kọ̀ọ́ ní èrò mìíràn, ṣùgbọ́n ó dákẹ́. Ẹ kọ́ ọ ní ohun tí yóò sọ: "Ẹ má bínú sà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wo ojú ìwé yìí." Lẹ́yìn náà kí ó ka ibẹ̀. Ìwé ló jiyàn, kì í ṣe ọmọdé, ọ̀wọ̀ àgbà sì dúró. Kí olùkọ́ náà dáhùn láti inú ìwé bákan náà.

Ẹ má mú ọmọ kékeré wá sí ìpàdé yìí o. Ìtàjẹ̀sílẹ̀ àti ọ̀rọ̀ àgbàlagbà wà nínú Rosewater. Bí àwọn ọmọ bá fẹ́ ṣe tiwọn, Zahrah the Windseeker tí Nnedi Okorafor kọ ní 2005 dára fún wọn.

Tí ẹ bá parí rẹ̀, ìwé méjì ló kù, The Rosewater Insurrection àti The Rosewater Redemption, tí àwọn méjèèjì jáde ní 2019. Kí ẹ tó ṣí èyí tó tẹ̀lé e, ẹ fi ìpàdé kan tún orí àkọ́kọ́ Rosewater kà. Nínú ìwé kejì, Kaaro nìkan kọ́ ló ń sọ̀rọ̀ mọ́, ènìyàn oríṣiríṣi ni. Nítorí náà kí akẹ́kọ̀ọ́ yín fi àyè kan kún páálí rẹ̀ lábẹ́ ọdún kọ̀ọ̀kan, fún orúkọ ẹni tó ń sọ ìtàn, àti fún ohun tí ẹni náà kò lè mọ̀.