Ẹ Béèrè Ẹni Tó Ń Gbé Ojú Ọ̀nà

Ẹ̀yin ọmọ mẹ́rin tí ẹ gun alùpùpù wá síwájú ilé mi ní Ọ̀mù-Àrán lọ́jọ́ Sátidé, mo rí i lójú yín pé èsì mi kò tẹ́ yín lọ́rùn. Ẹ na fóònù sí mi, ẹ fi ìlà búlúù kan hàn mí, ẹ ní ọ̀nà tó lọ síbi omi Òwù tó ń já látorí òkè nìyẹn, pé kí n sọ bó bá ṣe é gbà. Mo ní rárá, mo ní kí ẹ jókòó. Ẹ ní ilẹ̀ ń ṣú. Ohun tí ǹ bá sọ fún yín lórí ìjókòó ni mo wá kọ sílẹ̀ yìí.

Ọdún mọ́kànlélógún ni mo fi wa ọkọ̀ akẹ́rù káàkiri ilẹ̀ Ìgbómìnà, kí orúnkún tó dá mi dúró. Iṣu, èédú, pákó, kajú, kò sí èyí tí n kò kó. Ọ̀nà ọ̀dà kò pọ̀ nígbà náà. O kàn máa yà kúrò lójú títì, o ti bọ́ sórí yangí nìyẹn: ilẹ̀ pupa, igi igbá àti igi òrí lọ́tùn-ún lósì, òkè ń yọrí níwájú bí ẹ̀yìn erin. Bí ìrì bá ṣì wà nílẹ̀, tí kajú ń tanná, òórùn rẹ̀ á bá ọ nínú ọkọ̀. Ẹ̀yin tó ń wù láti rí i, ẹ ò jẹ̀bi. Ó ṣì ń wu èmi náà.

Ṣùgbọ́n ọ̀nà yangí kì í ṣe ẹyọ kan, méjì ni. Lásìkò ẹ̀ẹ̀rùn, ó le koránkorán, àmọ́ òkúta wẹ́wẹ́ orí rẹ̀ á máa yí lábẹ́ táyà bí ẹ̀wà tó dà sílẹ̀. Bí ọkọ̀ bá ti ń gbà á léraléra, á rí gbágungbàgun bí páànù òrùlé, á máa gbọ̀n yín títí nọ́ọ̀tì alùpùpù á fi tú. Ibẹ̀ kọ́ lèèyàn ti ń tẹ bíréèkì lójijì. Ẹ dín eré kù kí ẹ tó dé kọ́nà, kì í ṣe nínú kọ́nà. Bí ẹ bá ń sọ̀ kalẹ̀ lórí òkè, ẹ fi sí jíà kejì kí ẹ́ńjìnnì fúnra rẹ̀ dì yín mú. Bí òjò bá wá rọ̀, ẹ gbàgbé gbogbo èyí. Ilẹ̀ pupa yẹn á yọ̀ bí ọṣẹ, ọ̀gbàrá á sì gbẹ́ kòtò síbi tí kò sí lánàá. Láti June títí di October, èmi ò ní gun alùpùpù lọ sórí òkè yẹn, ẹ ò báà san owó fún mi.

Lọ́dún 1978, òjò ti fi gbogbo òru rọ̀, mo ń kó iṣu bọ̀ láti ẹ̀yìn Òkè-Onígbìn. Ìyá àgbàlagbà kan jáde sétí ọ̀nà, ó ń ju ọwọ́ sí mi. Mo rò pé ó fẹ́ kí n gbé òun ni. Mo fọn fèrè ọkọ̀, mo kọjá. N kò rìn jìnnà tí mo bá a pé afárá ti lọ. Orí ọkọ̀ wà nínú odò, ìdí rẹ̀ wà lókè, iṣu ń bá omi lọ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ọjọ́ mẹ́ta ni mo lò lábúlé ìyá náà. Àmàlà rẹ̀ ni mo ń jẹ, kò sì bú mi. Lọ́jọ́ kẹta ló wá bi mí pé, "Awakọ̀, kí ló dé tí o ò dúró kí mi?" N kò rí èsì fọ̀ títí di òní.

Ìyá yẹn ló mọ̀ pé afárá ti lọ. Kò sí bí ìlà búlúù ṣe máa mọ̀ ọ́n.

Àwọn bàbá wa sọ pé àdá kan tó ń jẹ́ Ogbó ni Ọ̀ràngún, baba ńlá wa, fi la igbó kọjá, àdá tó mọ̀nà, pé látinú "Ogbó mi mọ̀nà" sì ni orúkọ Ìgbómìnà ti wá. Ẹ̀yin ọmọ òde òní, fóònù ti di Ogbó yín. Kò burú. Àmọ́ n kò tí ì gbọ́ ọ níbì kankan pé àdá náà dá lọ, tí Ọ̀ràngún jókòó sílé.

Ní ti kíkí onílé, ẹ wo ìlú Ẹ̀sìẹ́ ná. Ère òkúta tó wà níbẹ̀ lé ní 1,000: ọkùnrin, obìnrin, èyí tó jókòó sórí àpótí, èyí tó di ohun ìjà mú, òkúta rírọ̀ tí ọ̀bẹ lè gbẹ́. Òyìnbó kan tó ń bẹ ilé ẹ̀kọ́ ìjọ wò, Ramshaw, ló ròyìn wọn fún ayé ní 1933. Ní 1945, wọ́n kọ́ mùsíọ́ọ̀mù fún wọn, àkọ́kọ́ irú rẹ̀ ní Nàìjíríà. Ìwé mìíràn a ní Ramshaw ló wá wọn rí, bí ẹni pé wọ́n sọnù! Àwọn ará Ẹ̀sìẹ́ tó ti ń bọ wọ́n ńkọ́? Ìtàn wọn ní àlejò làwọn ère náà, pé wọ́n ti ọ̀nà jíjìn wá, ọ̀rọ̀ àwọn àti onílé kò wọ̀, ni wọ́n bá di òkúta. N kò ní ẹ ó di òkúta o. Mo kàn ní kí ẹ kí onílé.

Èyí tó kù kò dùn ún sọ. Apá Ọ̀wà-Kájọlà, ní ìjọba ìbílẹ̀ Ìfẹ́lódùn, ni omi Òwù ti ń já láti òkè tó tó nǹkan bí 120 mítà. Àwọn kan ní kò sí èyí tó ga tó o ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Èmi ò wọn àwọn yòókù. Ìjọba ìbílẹ̀ yìí kan náà ni Òkè-Odè wà, níbi tí àwọn agbébọn ya wọ̀ ní September 2025, tí wọ́n pa lára àwọn ọdẹ tó ń ṣọ́ ìlú. Ní November ọdún náà, àwọn agbébọn wọ ṣọ́ọ̀ṣì ní Erúkù, wọ́n kó àwọn tó ń jọ́sìn lọ sínú igbó, kí a tó rí wọn gbà padà. Àwọn abúlé kan ti tú. Ọ̀nà wọn ṣì hàn lórí fóònù yín, ṣùgbọ́n ẹni tó máa ju ọwọ́ sí yín létí ọ̀nà kò sí mọ́. Ìdí tí mo fi ní rárá lọ́jọ́ Sátidé nìyẹn.

Bí ẹ bá dé oríta níbikíbi, tí ẹ ò rí ìyá tó gbé àtẹ, tí ẹ ò rí ọmọ tó ń yí táyà ṣeré, tí adìẹ kan kò sá kọjá níwájú yín, ẹ má dúró ya fọ́tò. Ẹ yí alùpùpù padà.

Ẹ̀sìẹ́ ni kí ẹ kọ́kọ́ lọ, lójú ọ̀sán. Ẹ gbé omi dání, ẹ má sì tẹ̀ lé ara yín pẹ́kípẹ́kí nínú eruku. Ní abúlé kọ̀ọ̀kan, ẹ pa ẹ́ńjìnnì, ẹ kí àgbà tó bá wà níta. Ní ti Òwù, mo ti ránṣẹ́ sí ọdẹ kan tí a jọ mọra láti ìgbà tí mo ti ń wakọ̀. Kò tí ì fèsì. Títí tó fi máa fèsì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má lọ.