Orí Kẹwàá: Lẹ́tà Láti Zaria

Bàbá mi àti Ìyá mi,

Ara mi le, mo ń jẹun, mo sì ń sùn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé oorun ibí kò pọ̀. Wọn kì í jẹ́ kí ẹni tó ń kọ́ṣẹ́ sọ́jà máa lo fóònù bó ṣe wù ú, ìdí nìyẹn tí ẹ kò fi gbóhùn mi. Mo fi lẹ́tà gàdàgbà kọ èyí kí ẹ̀yin Ìyá mi, tí ẹ ti ń lọ sí kíláàsì àwọn àgbà, lè fojú ara yín kà á láìpe ẹnikẹ́ni.

Dẹ́pò ni gbogbo sọ́jà ń pe ibi tí mo wà yìí. Láti ọdún 1924 ni wọ́n ti dá a sílẹ̀ ní Zaria, nígbà tí òyìnbó ṣì ń ṣàkóso. Ẹni tó bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ológun láti ìsàlẹ̀ ló ń wá síbí, fún nǹkan bí oṣù mẹ́fà. Àwọn tó fẹ́ di ọ́físà ní ilé ẹ̀kọ́ tiwọn ní Kaduna.

Ilẹ̀ kì í mọ́ bá wa lórí ibùsùn. Fèrè á dún nínú òkùnkùn, a ó sì fò dìde. Ọyẹ́ ìlú yìí kì í ṣe ẹgbẹ́ ti Ìṣẹ́yìn ilé wa rárá. Ó ń gé etí, ó ń la ètè. Ṣùgbọ́n ká tó sáré dé ìdajì ọ̀nà, òógùn á ti bò wá. Orin la fi ń sáré. Ẹnì kan á dá a, gbogbo wa á gbè é. Orin náà ló ń mú kí ẹsẹ̀ wa balẹ̀ pa pọ̀, kò sì jẹ́ kí ẹni tó ti ń rẹ̀ dá nìkan wà sẹ́yìn.

Lẹ́yìn eré ni wọ́n máa ń yẹ ibùsùn wa wò. Aṣọ ibùsùn gbọ́dọ̀ nà gbọnrangandan, bàtà gbọ́dọ̀ dán, ohun gbogbo gbọ́dọ̀ wà níbi tí wọ́n ní kó wà. Ọ̀pọ̀ ń béèrè pé kí ló kan ogun kan ibùsùn. Ohun tí olùkọ́ wa sọ fún wa rèé: bí wọ́n bá jí sọ́jà lóru, kò gbọdọ̀ tan iná, nítorí iná ló ń fi ibi tó wà han ọ̀tá. Ọwọ́ rẹ̀ gbọ́dọ̀ mọ ibi tí bàtà, omi àti ìbọn wà. Ẹni tí ẹrù rẹ̀ bá fọ́n káàkiri á ṣì máa wá bàtà kiri nígbà tí àwọn yòókù bá ti jáde.

Lẹ́yìn náà la ó máa yan lórí pápá títí oòrùn á fi mú. Bàbá mi, ẹ̀yin tí ẹ ń hun òfì, èyí á tètè yé yín: bí okùn òwú kan bá dẹ̀, gbogbo aṣọ ló máa fi hàn; bẹ́ẹ̀ náà ni bí ẹsẹ̀ ẹnì kan bá yẹ̀ nínú ìlà wa. Láyé àtijọ́, àwọn ọmọ ogun ilẹ̀ Yúróòpù máa ń tò lọ́wọ̀ọ̀wọ́, wọ́n á sì yìnbọn lẹ́ẹ̀kan náà. Ibẹ̀ ni yíyan ti wá. Kò sẹ́ni tó ń jà bẹ́ẹ̀ mọ́ lónìí, àmọ́ yíyan ṣì ń kọ́ etí wa láti gbọ́ ohùn kan ṣoṣo, ó sì ń kọ́ ara wa láti tẹ̀ lé e láìwo ojú ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́.

Ẹsẹ̀ ni wọ́n ń tọ́jú jù lára wa. Bí a bá fẹ́ rìn jìnnà pẹ̀lú ẹrù lẹ́yìn, wọ́n á kọ́kọ́ yẹ ìbọ̀sẹ̀ wa wò. Ìbọ̀sẹ̀ tó bá tutù tàbí tó bá ká jọ nínú bàtà á máa ha ẹsẹ̀, ẹsẹ̀ á sì lé ròrò. Ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ bá ti bó, ẹlòmíràn ló máa bá a gbé ẹrù rẹ̀. Nítorí náà, ní gbogbo alẹ́ la ń fọ ẹsẹ̀, tí a ń nu àárín ọmọ ìka gbẹ, tí a sì ń gé èékánná.

Mo mọ̀ pé ìbọn ni ẹ fẹ́ gbọ́ nípa rẹ̀. Kí wọ́n tó fún wa ní ọta kan ṣoṣo, a ti tú ìbọn, a ti nù ún, a sì ti tò ó padà títí ọwọ́ wa fi mọ̀ ọ́n. Eruku ló ń bá ìbọn jẹ́ níhìn-ín, ìbọn tó bá sì há lójú ìjà kò lè gba ẹni tó gbé e. Gbogbo ìbọn ni a gbọ́dọ̀ kà sí èyí tí ọta wà nínú rẹ̀, kódà bí a bá ṣẹ̀ṣẹ̀ wo inú rẹ̀ tán. Ẹnu rẹ̀ kò gbọdọ̀ kọjú sí ẹnikẹ́ni nínú wa, nínú eré tàbí nínú àárẹ̀. Nígbà tí a bá fẹ́ yìn ín, a ó dojú bolẹ̀, a ó mí sínú, a ó mí jáde díẹ̀, a ó dá èémí dúró, a ó wá rọra fà á. Bí àyà bá ń lọ sókè sódò, ẹnu ìbọn á máa bá a lọ. Kó yẹ̀ díẹ̀ báyìí lọ́wọ́ ẹni, ọta á ti tàsé pátápátá ní 100 mítà. Ẹni tí inú ń bí tàbí tó ń kánjú kì í rí i yìn dáadáa. Mo rò pé ìyẹn gan-an ni ẹ̀kọ́ tó ṣòro jù lọ níbí.

Ìyá mi, mi ò ní purọ́ fún yín. Lẹ́yìn ibí, wọ́n lè rán wa lọ sí Borno, níbi tí ìjà ti wà láti ọdún 2009. Ẹ̀rù tó ń bà yín ń ba èmi náà. Ìdí nìyẹn tí n kì í fi sùn nígbà tí wọ́n bá ń kọ́ wa ní ìtọ́jú ọgbẹ́. Bí ẹ̀jẹ̀ bá ń tú jáde lẹ́sẹ̀ tàbí lápá, a ó tẹ ojú ọgbẹ́ náà mọ́lẹ̀ gidigidi. Bí kò bá dáwọ́ dúró, a ó di ọ̀já mọ́ òkè ọgbẹ́ náà pinpin, a ó fi igi lọ́ ọ títí ẹ̀jẹ̀ á fi dá, a ó sì kọ aago tí a dì í sílẹ̀ kí dókítà lè mọ̀. Ẹ̀jẹ̀ lè tán lára èèyàn láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀. Bí mo bá mọ èyí dáadáa, ọmọ ẹlòmíràn lè padà délé.

Oríṣiríṣi ẹ̀yà ló wà nínú yàrá wa: Tiv, Haúsá, Ìgbò, Ìjọ, Núpé. Níbi tí a ti ń sọ̀rọ̀ nípa ìlú kálukú, olùkọ́ wa kan sọ fún wa pé Letmauk, orúkọ bàráàkì tó wà ní Ìbàdàn, àti Arakan, tó wà ní Àpápá, orúkọ àwọn ibì kan ní ilẹ̀ Burma ni wọ́n. Ibẹ̀ ni àwọn ọmọ Nàìjíríà ti jà ní 1944 àti 1945, nígbà ogun Hítílà. Mo ti gba iwájú Letmauk kọjá láìmọye ìgbà, n kò mọ̀ pé àwọn bàbá wa tó lọ síbi tó jìnnà tó bẹ́ẹ̀ ni wọ́n fi ń rántí.

Ẹ sọ fún àbúrò mi pé kó fara balẹ̀ ṣe ìdánwò rẹ̀. Bó bá fẹ́ wọlé bíi tèmi, ó gbọ́dọ̀ yege nínú ẹ̀kọ́ mẹ́rin nínú rẹ̀, kí ọjọ́ orí rẹ̀ wà láàárín 18 sí 22, tàbí 18 sí 26 bó bá ní iṣẹ́ ọwọ́. Ọkùnrin gbọ́dọ̀ ga tó mítà 1.68, obìnrin 1.65. Ọ̀fẹ́ ni fọ́ọ̀mù. Ẹnikẹ́ni tó bá ní òun á bá yín gbà á pẹ̀lú owó, ẹ má dá a lóhùn.

Bí a bá parí, a ó búra fún orílẹ̀-èdè wa, a ó sì yan níwájú àwọn ọ̀gá. Màá kọ̀wé ọjọ́ náà sí yín. Bí ẹ bá lè wá, ẹ má rin òru, ẹ sùn sí Kaduna kí ẹ wá bọ́ sọ́nà ní àárọ̀. Ẹ mú aṣọ òtútù dání fún Ìyá mi.

Èmi ni ọmọ yín.