Ẹ Kan Ògiri Wò Kí Ẹ Tó Gbé Táìlì

Ẹ̀yin ọmọ tó ń lẹ táìlì káàkiri Òjòó, Orógùn, Ṣáṣá títí dé Mọníyà, ẹ fetí sílẹ̀. Bí táìlì bá já nínú balùwẹ̀, onílé á ní ayédèrú táìlì ni wọ́n tà fún òun, ẹlòmíràn á ní sìmẹ́ńtì ló kéré. Ẹ mú táìlì tó já yẹn, kí ẹ yí ẹ̀yìn rẹ̀ wò. Bí ẹ bá rí ọ̀dà tàbí ẹfun screeding tó lẹ̀ mọ́ sìmẹ́ńtì náà gbagidi, ẹjọ́ ti tán. Sìmẹ́ńtì yín di nǹkan mú lóòótọ́, àmọ́ ọ̀dà ló dì mú, kò kan ògiri rárá. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ.

Ọ̀pọ̀ ilé àdúgbò wa ló jẹ́ pé yàrá-yàrá ni wọ́n kọ́ ọ, tí gbogbo ayálégbé ń lo balùwẹ̀ kan náà. Nísinsìnyí tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Yunifásítì Ìbàdàn àti àwọn òṣìṣẹ́ ń wá self-contain, àwọn onílé ń gé yàrá, wọ́n ń tún balùwẹ̀ àtijọ́ ṣe. Ògiri tí wọ́n ti kùn ní gúlọ́ọ̀sì lákùntúnkùn, tí akunlé tún fi screeding dán, òun ni wọ́n á ní kí ẹ parí láàárín ọjọ́ kan, torí pé ayálégbé ti sanwó.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Táìlì ògiri lásán, síkúyà mítà kan rẹ̀ wọ̀n tó kílò 15. Sìmẹ́ńtì àti yanrìn ẹ̀yìn rẹ̀, bó bá nípọn tó mìlímítà 10, á tó kílò 20. Balùwẹ̀ tó fẹ̀ ní ẹsẹ̀ bàtà 5, tó gùn ní ẹsẹ̀ bàtà 7, tí ẹ lẹ táìlì sí títí dé ẹsẹ̀ bàtà 8 lókè, tí ẹ yọ ẹnu ọ̀nà kúrò, á gba bíi síkúyà mítà 16. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ kílò 560, ó lé ní àpò sìmẹ́ńtì 11. Ẹrù tí ẹ fẹ́ gbé kọ́ ara ọ̀dà tí kò nípọn tó èékánná nìyẹn. Omi ń dà sí i láàárọ̀ lálẹ́, ó ń gba àárín táìlì wọlé díẹ̀díẹ̀, nítorí sìmẹ́ńtì funfun tí a fi ń dí ojú rẹ̀ kì í dá omi dúró pátápátá. Screeding á rọ̀, ọ̀dà á wú, ọjọ́ kan á dé tí odidi ìlà táìlì á ya lulẹ̀. Ọmọdé lè máa wẹ̀ lábẹ́ rẹ̀ lọ́jọ́ náà. Ìdí tí mi ò fi lè dákẹ́ rèé.

Ẹ kọ́kọ́ fi ìka tàbí ẹ̀yìn òòlù kékeré kan ògiri náà láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ibi tó bá dún gbì, ó ṣì di búlọ́ọ̀kù mú. Ibi tó bá dún pòkò-pòkò ti ṣí kúrò lára búlọ́ọ̀kù. Ẹ wó o, kí ẹ tún un rẹ́. Lẹ́yìn náà, ẹ ha screeding àti ọ̀dà kúrò títí ẹ ó fi rí ojú sìmẹ́ńtì gan-an. Mo mọ̀ pé àwọn kan máa ń sá ọ̀dà ní ṣísẹ́lì níhìn-ín lọ́hùn-ún, wọ́n á ní ó ti tó. Kò tó. Ẹ ha gbogbo rẹ̀, kí ẹ wá sá ojú ògiri léraléra, kí ó rí ṣágiṣàgi. Ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì àti omi fọ eruku rẹ̀ dànù, torí pé sìmẹ́ńtì kì í lẹ̀ mọ́ eruku.

Nílé Ifẹ̀, àwọn baba ńlá wa fi àpáàdì tẹ́ ojúde àti àgbàlá, ìtàn sì so iṣẹ́ náà mọ́ orúkọ Luwo, obìnrin tó jẹ Ọọ̀ni. Nígbà tí àwọn awalẹ̀pìtàn wa ilẹ̀ Ìta Yemòó ní Ifẹ̀ ní 1957, wọ́n bá irú ilẹ̀ alápáàdì bẹ́ẹ̀ níbẹ̀. Àwọn baba ńlá wa ò tẹ́ àpáàdì náà sùn. Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ni wọ́n gún dúró kí ó lè di ilẹ̀ mú, bí ògiri ṣágiṣàgi ṣe ń di sìmẹ́ńtì mú.

Kí ẹ tó rẹ́ ibi tí ẹ wó, ẹ jẹ́ kí pọ́mbà dí ẹnu páìpù, kí ó ṣí omi sí i, kí omi náà sì wà níbẹ̀ mọ́jú. Páìpù tó ń jò lẹ́yìn táìlì kò ní àtúnṣe mìíràn ju kí a fọ́ táìlì náà. Ẹ po sìmẹ́ńtì kan mọ́ yanrìn mẹ́rin. Kí ẹ tó pò ó, ẹ bu yanrìn náà sínú ìgò, ẹ da omi sí i, ẹ mì í, kí ẹ fi sílẹ̀ kó tòrò: bí ẹrẹ̀ òkè rẹ̀ bá tó ìdá kan nínú mẹ́wàá, ẹ má lò ó. Bí ẹ bá rẹ́ ògiri náà, ẹ má dán ojú rẹ̀ bíi ti pálọ̀. Ẹ fi pọ́mbù wò ó. Bí ẹ bá gbé pákó títọ́ mítà 2 lé e, àlàfo abẹ́ rẹ̀ kò gbọdọ̀ ju mìlímítà 3 lọ. Ara ògiri ni kí ẹ ti tún ibi tó bá wọ́ ṣe; ẹ má fi sìmẹ́ńtì ẹ̀yìn táìlì kún un.

Ẹ máa fi omi wọ́n ọn fún ọjọ́ 7, pàápàá nígbà ọyẹ́, kí ẹ fi í sílẹ̀ títí á fi pé ọ̀sẹ̀ méjì. Bí sìmẹ́ńtì bá tètè gbẹ, á sán, táìlì á sì sán tẹ̀lé e.

Bí ó bá di ọjọ́ iṣẹ́, tó bá jẹ́ sìmẹ́ńtì lẹ fẹ́ fi lẹ̀ ẹ́, ẹ rin ògiri, ẹ rẹ táìlì ògiri sínú omi, nítorí ó máa ń fa omi gan-an. Ti porcelain yàtọ̀. Kì í fi bẹ́ẹ̀ fa omi, ẹ má rẹ ẹ́. Gọ́ọ̀mù táìlì ni kí ẹ fi lẹ̀ ẹ́, kì í ṣe sìmẹ́ńtì lásán.

Owó ni onílé máa fi bá yín jà. Ẹ yà á sí méjì fún un láti ìbẹ̀rẹ̀: owó híha àti rírẹ́ lọ́tọ̀, owó lílẹ̀ lọ́tọ̀, kí ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. Bí ó bá ní òun ò ní san ti àkọ́kọ́, ẹ ha ìwọ̀n ọwọ́ kan níbi tí omi ti máa ń dà, níṣojú rẹ̀, kí ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ bó ọ̀dà náà. Bó bá rí i tó ṣì ní kí ẹ lẹ̀ ẹ́ bẹ́ẹ̀, ẹ kó irinṣẹ́ yín, kí ẹ dágbére fún un tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀.