Ẹjọ́ Ìkọ̀sílẹ̀: Ohun Tí Ìyá Ọmọ Gbọ́dọ̀ Béèrè Ní Kóòtù





Nígbà tí a ń kọ orúkọ àwọn ọmọ òrukàn sílẹ̀, obìnrin kan kó ọmọ mẹ́ta wá. A béèrè ìgbà tí bàbá wọn kú. Ó ní kò kú o, kóòtù ló tú àwọn ká, bàbá wà lẹ́nu iṣẹ́ rẹ̀. A wo ìwé ìdájọ́ tó mú lọ́wọ́: ìtúká nìkan ló wà níbẹ̀. Kò sí owó oúnjẹ, kò sí owó ilé-ìwé, wọn kò sọ ẹni tí àwọn ọmọ yóò máa gbé lọ́dọ̀ rẹ̀. Ó ní òun kò mọ̀ pé ènìyàn lè béèrè.

Nínú ẹ̀sìn wa, ọmọ tí bàbá rẹ̀ kú kí ó tó bàlágà ni à ń pè ní yatīm. Bí ìyá bá jẹ́ aláìní, a lè fún un ní sàká gẹ́gẹ́ bí aláìní, ṣùgbọ́n sàká kò gba ẹrù kúrò lọ́rùn bàbá tó wà láàyè. Súúrà Al-Baqarah (2:233) àti At-Talāq (65:6-7) ti gbé ìnáwó ọmọ lé bàbá lórí, bí agbára rẹ̀ bá ṣe tó. Hind, ìyàwó Abū Sufyān, fi ẹjọ́ ahun ọkọ rẹ̀ sun Ànábì (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a). Ànábì yọ̀ǹda fún un láti mú èyí tí yóò tó òun àti ọmọ nínú owó ọkọ, láìṣe àṣejù. Ẹ kíyèsí i pé kì í ṣe ìkọ̀sílẹ̀ ni Hind wá béèrè.

Òfin ìpìlẹ̀ ọdún 1999, abala 275, gba ìpínlẹ̀ tó bá fẹ́ láyè láti ní kóòtù kòtẹ́milọ́rùn Sharia, ṣùgbọ́n kò sí ọ̀kan ní Èkìtì. Nígbà tí ọ̀rọ̀ ìgbìmọ̀ Sharia aládàáni dìde ní Èkìtì ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2025, ìjọba ìpínlẹ̀ ní kóòtù ìbílẹ̀, kóòtù kòtẹ́milọ́rùn ìbílẹ̀ àti kóòtù gíga ló ń gbọ́ irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀. Òfin ìgbéyàwó ọdún 1970, abala 70 sí 72, fún kóòtù gíga lágbára lórí owó ìtọ́jú, ọmọ àti dúkìá. Ṣùgbọ́n abala 69 yọ ìgbéyàwó tí a so yìgì rẹ̀ nìkan kúrò nínú èyí. Nítorí náà, kóòtù ìbílẹ̀ ni ọ̀pọ̀ nínú wa yóò gbà lọ.

Ẹ má jẹ́ kí ẹjọ́ náà dúró lórí “ẹ tú wa ká” nìkan. Ẹ béèrè owó oúnjẹ oṣooṣù, owó ilé-ìwé àti ti ilé ìwòsàn, ibi tí ọmọ yóò máa gbé, àti ọjọ́ tí bàbá yóò máa rí i. Ẹ lè bẹ adájọ́ pé kí bàbá máa san nǹkan nígbà tí ẹjọ́ ṣì ń lọ lọ́wọ́. Ẹ mú ìwé ìbí ọmọ àti rìsíìtì ilé-ìwé dání. Ẹ bẹ̀ ẹ́ kí owó máa gba ọwọ́ akọ̀wé kóòtù kọjá, nítorí “mo ti fún un” kì í tán nílẹ̀. Ìnáwó ìyá fúnra rẹ̀ ní òpin lẹ́yìn ìddà. Ti ọmọ kò parí síbẹ̀. Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé ọdún 2003, tí Èkìtì náà ti sọ di tirẹ̀, fún ọmọ ní ẹ̀tọ́ sí ìtọ́jú lọ́wọ́ òbí rẹ̀.

Àwọn ẹbí a máa sọ pé bàbá ló ni ọmọ, ọ̀rọ̀ bùṣe. Ọ̀rọ̀ orúkọ ni ìyẹn. Ibi tí ọmọ yóò sùn tún yàtọ̀. Nínú mádíhábì Māliki, ìyá ló ń tọ́jú ọkùnrin títí yóò fi bàlágà, àti obìnrin títí yóò fi wọ ilé ọkọ, bí ìyá kò bá fẹ́ ọkọ mìíràn. Ire ọmọ ni kóòtù ibí ń wò ṣáájú.

Obìnrin yẹn padà sí kóòtù. Owó tí wọ́n dá fún un kò pọ̀, ṣùgbọ́n ó ń wọlé, a sì fi àyè mẹ́ta náà fún àwọn ọmọ tí bàbá wọn ti kú. Ẹni tí irú ìwé bẹ́ẹ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀, kí ó mú un wá bá wa kí oṣù tó parí.