Àwọn aláàbọ̀ ara nínú Ìjọ Ọlọ́run

Ẹ̀yin ará tí ń múra de Ìrìbọmi ní Adakplamè, Òfin Mósè kọ̀ fún àwọn Júù láti ṣépè fún adití (Léfítíkù 19,14). Adití kò ní gbọ́ èpè náà, Ọlọ́run gbọ́.

Ẹni tí orí rẹ̀ dàrú ńkọ́, tí a so mọ́ igi? Grégoire Ahongbonon, ọmọ Bẹ̀nẹ̀ tí a bí ní 1953, kì í ṣe àlùfáà. Táyà ọkọ̀ ni ó ń tún ṣe tẹ́lẹ̀ ní Bouaké. Òun ni ó ń tú irú wọn nínú ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀, tí ó ń wá oògùn fún wọn. Àwọn mìíràn tí ara wọn yá ti di olùtọ́jú nínú ilé rẹ̀.

Bí irú ẹni bẹ́ẹ̀ bá wà nílé yín, ẹ má wí pé kò lè kọ́ katikísìmù. Òfin Ìjọ ti 1983 (ẹsẹ 852) kà á sí ọmọ ọwọ́ ní ti Ìrìbọmi. Ẹ sọ fún katikísì yín kí Ìrìbọmi tó dé.